Ojú tí Mo Fi Ṣọ́ Ọjọ́ Mi

Òjòwú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ìtàn yìí wẹ ara mi mọ́. Ìyá mi ti sọ ọ́ láti kékeré mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, ọkọ mi náà sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, ẹni tó bá mọ ìsọ̀ mi ní Jáńkárà yóò jẹ́rìí mi. Owú ọ̀hún àti ẹran náà jọ ń gbé pọ̀ ni, kò sí èyí tó lé èkejì jáde.

Ìborùn àti híjáàbù ni mò ń tà. Ọkọ mi ń ta páìpù omi ní Adéníji Adélé. Agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni à ń gbé, ilé àtijọ́ tí àgbàlá kan wà láàárín rẹ̀, tí yàrá yí i ká lókè àti nísàlẹ̀. Tánkì omi tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, àtẹ̀gùn wà ní igun, okùn aṣọ sì ti òpó kan kọjá sí èkejì, tí aṣọ kì í wọ́n lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ ẹbí ọkọ mi, àti àwọn tí ẹbí ọkọ mi fẹ́.

Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà nínú ilé náà ni ọkọ mi fẹ́ ìyàwó. Ìyàwó náà ni gbogbo wa ń pè é títí di òní, mi ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn níhìn-ín. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Làfíàjì láàárọ̀, ó sì máa ń ti ibẹ̀ dé kí oòrùn tó kàtàrí. Ara rẹ̀ balẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, bí ó bá kí mi, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló máa ń kan ilẹ̀. Mo wá àléébù sí i lára títí, ẹyọ kan péré tí mo rí ni pé kì í fi ata tó sínú ọbẹ̀. Mo sì tọ́jú ẹyọ kan náà bí ẹni tó rí wúrà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wọn ni mo ti là á mọ́lẹ̀ níwájú olórí ẹbí pé ọjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́. Méjì tèmi, méjì tirẹ̀. Ẹni tó bá ni ọjọ́ ni yóò se oúnjẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkọ yóò sùn, ọkọ kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá ẹnìkejì ní tọ̀sán tòru títí ọjọ́ yóò fi yí. Bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbà á. Olórí ẹbí, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọkọ mi, béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá ó gbọ́. Ó ní òun gbọ́. Ìyàwó náà ní òun gbọ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí bí èèyàn ò bá lè ní gbogbo ọkọ, ó yẹ kó mọ ibi tí ìdajì tirẹ̀ pin sí.

Bí kámẹ́rà ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Wọ́n jí ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú tánkì wa. A ra òmíràn, wọ́n tún jí i, wọ́n sì gé páìpù rẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kí a wá ẹni tí yóò gbé kámẹ́rà sí àgbàlá. Ọkùnrin onígíláàsì ojú kan wá láti Làfíàjì, àgbàlagbà tí irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ti ń funfun. Ó gun àkàbà, ó kan ẹyọ kan ṣoṣo mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà iwájú, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo bi í pé, "Ẹyọ kan fún gbogbo àgbàlá yìí?"

"Alhájà, ẹyọ yìí tó yín. Wide-angle ni. Láti ògiri dé ògiri ló ń wò, kò nílò kó yí ọrùn."

Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Lóòótọ́ ni gbogbo àgbàlá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ọ̀tún àti ti òsì tẹ̀ kọrọdọ, bí ìgbà tí èèyàn bá wo ojú ara rẹ̀ nínú ṣíbí. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ kéré. Mo ní mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ẹ má wá ojú níbẹ̀. Ìrìn ni kẹ́ ẹ máa wò. Olè ò ní gba àárín kọjá kẹ́ ẹ rí i, ẹ̀yìn nǹkan ló máa gbà. Ohun tó bá ṣáà ti ń lọ, bó tiẹ̀ sá pamọ́, kámẹ́rà yìí á mark ẹ̀, á sì máa follow ẹ̀."

Ó ní kí n mú fóònù lọ́wọ́ kí n máa wo òun. Ó lọ sẹ́yìn aṣọ tútù tí wọ́n sá sórí okùn, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Férémù pupa kan yọ lójú fóònù, ó gbọ̀n, ó pòórá, ó tún yọ, ó dì mọ́ ibi tí aṣọ ti ń mì àti ẹsẹ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ etí aṣọ. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ ẹ̀yìn tánkì, tí ojú mi ò rí i mọ́ rárá, férémù náà ti lọ dúró dè é ní òdìkejì. Ibẹ̀ náà ló sì yọ sí. Ìlà pupa tín-ín-rín kan kù sílẹ̀ ní gbogbo ibi tó gbà. Mo fẹ́ràn kámẹ́rà náà lójú ẹsẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó fi ohun tó wà lọ́kàn mi hàn mí kedere bẹ́ẹ̀ rí.

Olórí ẹbí ní kí wọ́n gbé e sórí fóònù mi, nítorí èmi ni ìyálé àti nítorí pé ojú mi mú. Mo mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyìn, àwọn tó wà níjókòó sì ń fi ìdajì yòókù rẹ́rìn-ín sínú. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó sí Jáńkárà láàárín ìborùn, mo wà nílé pẹ̀lú. Oníbàárà yóò máa na híjáàbù wò, èmi yóò máa fi ojú kan wo àgbàlá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, férémù náà kò jẹ́ kí n sinmi. Ewúrẹ́ ni, ológbò ni, atẹ́gùn láti ọ̀sà ni. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ atẹ́gùn, gbogbo aṣọ orí okùn ni yóò jọ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì jọ padà. Bí ó bá jẹ́ èèyàn, aṣọ yóò mì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ̀lé èyí. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojúlówó ṣífọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mi ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Àìlà tán ní Jáńkárà, mo ń ká ẹní mi, ni fóònù dún. Férémù ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà àfi ẹni tó fẹ́ da ìdọ̀tí. Ohun náà gba ẹ̀yìn tánkì, aṣọ mì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ òkùnkùn abẹ́ àtẹ̀gùn, ìlà pupa sì tẹ̀ lé e títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá ìyàwó. Ibẹ̀ ni ìlà náà parí sí. Mo ń wò ó. Ìrẹsì ìbá ti jinná kí ó tó jáde, ọ̀nà kan náà ló sì gbà padà.

Mi ò rí orí rẹ̀, mi ò rí ẹ̀wù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ etí aṣọ, mo rí ẹsẹ̀ méjì tó ń kọjá, òsì yà sóde díẹ̀ bó ṣe ń gbé e. Ìdì páìpù ló já lé ẹsẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kan ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, èmi ni mo sì fi omi gbígbóná jó o fún oṣù mẹ́ta gbáko. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹsẹ̀ Èkó jọ síwájú mi, mo máa mú un láàárín wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Alhájì, níbo lẹ ti kírun Àìlà lónìí?"

Ó ní, "Níbi iṣẹ́ ni. Kí ló dé?"

Mo ní kò sí. Mo bu omi fún un. Omi náà dà sórí ẹní, ó sì ní kí n rọra.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ mi pẹ̀lú, ó tún lọ. Ní ọjọ́ méjì ti ìyàwó, kò yọ lẹ́yìn aṣọ rárá, nítorí kí ni yóò tún sá pamọ́ fún, ọjọ́ rẹ̀ ṣáà ni. Nígbà tí ọjọ́ yí padà sí tèmi, férémù tún yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn lẹ́yìn Àìlà. Ọkọ mi ń jí ọjọ́ mi. Ó ń mú tirẹ̀ tán fún ìyàwó, ó sì tún ń bù nínú tèmi fún un.

Mo fẹ́ sọ bí owú náà ṣe rí, nítorí àwọn tí kò jẹ ẹ́ rí máa ń rò pé ìbínú ni. Kì í ṣe ìbínú. Ebi ni. Mo máa ń jókòó sí ìsọ̀ kí n máa wo ilẹ̀kùn tó wà ní títì yẹn lójú fóònù, ilẹ̀kùn kékeré bí èékánná, mo sì máa ń fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ mi kún inú yàrá náà fúnra mi. Bó ṣe máa ń bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún. Bó ṣe máa ń kùn bí wọ́n bá ń fi òróró pa ẹsẹ̀ òsì yẹn. Mo rò pé ó ti ń gbé ẹsẹ̀ náà fún un. Mo ta híjáàbù dúdú fún ẹni tó ní òun fẹ́ funfun. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra lọ́fínńdà tuntun, mo fín in títí ọkọ mi fi sín. Bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ kí mi pé, "Ẹ kú ọjà, ìyá mi," imú ni mo fi ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan mo ní mo máa ká wọn mọ́. Bí férémù ṣe wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, mo fa aṣọ bo ọjà, mo ní kí alábàágbé ìsọ̀ mi bá mi wò ó, mo sì yára bí ẹni ń sáré délé. Àṣìṣe mi ni pé ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo gbà. Àwọn ìyá tó jókòó síbẹ̀ kí mi lóhùn rara, "Alhájà, ẹ káàbọ̀, ṣé kò sí o?" Kí n tó dé ilẹ̀kùn ìyàwó, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́ àfi ìyàwó fúnra rẹ̀, tó ń ká ẹní, tó sì kúnlẹ̀. Mo ní iyọ̀ ni mo wá tọrọ.

Nígbà tí mo padà sí ìsọ̀, mo wo ohun tí kámẹ́rà ká sílẹ̀. Férémù méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn tánkì sá jáde. Èkejì gba iwájú wọlé, ó fẹ̀, ó ń yára, ó rìn mọ́ ògiri, ó dúró ó fi etí lélẹ̀, ó tún rìn. Ìlà pupa méjèèjì yí tánkì po, wọn kò pàdé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbà pé férémù kejì ni mí. Ojú tì mí, àmọ́ kì í ṣe ìtìjú tó lè mú mi jáwọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ mọ́kànlá tó ti jí, mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹbí.

Ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀ ni a máa ń ṣe é, ní pálọ̀ olórí ẹbí. Mo ti bẹ onígíláàsì náà kó bá mi so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sọ fún un pé ẹbí fẹ́ wo bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Nígbà tí ó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo dìde, mo ní ẹ̀yin bàbá, a ra kámẹ́rà nítorí olè, mo sì ti rí olè. Gbogbo wọn tẹ́ ara síwájú. Mo tan án. Wọ́n wo aṣọ tó ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo férémù tó wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n wo ibi tí ìlà pupa parí sí. Mo fi èkejì hàn wọ́n. Mo fi ẹ̀kẹta hàn wọ́n. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, ẹnì kan láàárín àwọn àbúrò ọkọ mi ti ń wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ẹsẹ̀ yẹn nínú ilé wa.

Mo ní, "Ọjọ́ mi ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo déètì tó wà níbẹ̀."

Olórí ẹbí yíjú sí ọkọ mi. "Ṣé ìwọ nìyí?"

Ìyàwó wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n—"

Ọkọ mi gbé ọwọ́ sókè sí i, ó sì dákẹ́. Ọkọ mi wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, Bàbá. Mo jí ọjọ́ ìyálé mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín wàyí. Wọ́n ní bàbá arúgbó ṣì lágbára. Olórí ẹbí kò rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yìgì kì í ṣe eré. Ó dájọ́ pé kí ọkọ mi san ọjọ́ mọ́kànlá padà fún mi ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ìyàwó má sì dé sàkání rẹ̀ títí tí yóò fi san án tán. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ yẹn.

Ọkọ mi kó wá. Ó jẹ ohun tí mo bá sè, ó dúpẹ́, ó sùn. Kò bá mi jà, kò sì bá mi ṣeré. Ó ń ti iṣẹ́ tètè dé báyìí, èmi náà sì ń tètè kúrò lọ́jà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àìlà, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, yóò máa fi ìka tẹ itan rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ nǹkan sórí iyanrìn. Mo rò pé ìyàwó ló ń rò. Mo tún fi ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo fẹ́ fọ aṣọ. Mo ti ọwọ́ bọ àpò jàlàbíà rẹ̀ kí n tó rì í sómi, mo fa ìwé kan yọ tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́tà kéwú ló kún inú rẹ̀, ńlá ńlá, ó wọ́, ó ń gbọ̀n, irú èyí tí ọmọ ọdún mẹ́fà máa ń kọ. Ọwọ́ ọkọ mi ni, mo mọ bó ṣe máa ń tẹ bírò mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi lu ìwé já. Ẹlòmíràn ti fi bírò pupa tún un ṣe. Nísàlẹ̀, ìwé ọwọ́ tó mọ́ tónítóní kọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ó ti dára sí i. Ẹ tún ìlà kẹta kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Mo jókòó sí etí bàsíà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe fídáù ní àdúgbò wa, wọ́n máa ń pín Àlùkùránì sí ìwé pẹlẹbẹ ọgbọ̀n, kí àwọn ọkùnrin lè jọ kà á tán ní ìjókòó kan. Ọkọ mi kì í ṣaláì gba tirẹ̀. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣí ojú ìwé, mo sì ń fi í yangàn láàárín àwọn obìnrin pé ọkọ mi kì í pẹ́ kà á tán. Jíjókòó tí mo jókòó sí etí bàsíà ni mo wá rí i kedere pé ìgbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣí ojú ìwé ni òun náà máa ń ṣí tirẹ̀. Ní oṣù tó ń bọ̀, mọ́ṣáláṣí wa fẹ́ wé láwàní Bàbá Àdínì fún un. Ẹni tí wọ́n bá wé e fún máa ń dìde ka ìlà díẹ̀ nínú Àlùkùránì sétí gbogbo ìjọ. Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Mi ò ro ìyókù rí.

Mo pe gbogbo ẹbí wá wo ọkọ mi tó ń lọ sílé ìwé. Ó sì yan kí wọ́n pe òun ní olè, kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, ju kí wọ́n mọ ohun tí òun lọ ṣe níbẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ṣé àánú rẹ̀ wá ṣe mí? Ó ṣe mí, díẹ̀. Owú ló pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé ohun tí mo rò náà ni, mo mọ bí mo ṣe máa gbé e, ọkùnrin ni, ìyàwó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi yìí ti ka Àlùkùránì tán kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún mi, wọ́n pa àgbò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń gbé, yàrá kan náà, ẹní kan náà. Iwájú obìnrin tó dé lánàá ló lọ jókòó sí bí ọmọdé, tó na ìwé rẹ̀ sí i pé kó bá òun wò ó. Òun ló fi ibi tó ń dùn ún hàn. Èmi, ó fi ètè tó ń mì hàn mí.

Mo fi ìwé náà sí abẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé àwo, ó rí i. Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Alhájì, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi náà mọ̀ ọ́n kà?"

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n ju ìyàwó lọ."

"Ó ṣeé ṣe."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

Ó fi òkèlè náà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé ẹ wọlé, a jọ kírun nínú yàrá yìí. Mo síwájú, ìwọ wà lẹ́yìn. Mo ṣi Fàtíhà kà, o tún un ṣe fún mi láti ẹ̀yìn. Ìyẹn ò burú, ìmọ̀ ẹ ni. Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ wá bu omi nínú kíṣìnnì, mo bá yín níbẹ̀, ìwọ àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ. Ò ń sín mi jẹ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó o tún un ṣe, o sì tún un ṣe."

"Mi ò rántí ẹ̀."

"Èmi rántí ẹ̀."

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó ní kí n fún òun lómi. Mo fún un, mo jókòó tì í, mo ń wá ọjọ́ náà nínú orí mi. Lóòótọ́, mo rí nǹkan kan: ata lórí ọlọ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì lórí àpótí, inú mi tó dùn pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ṣe gan-an, mi ò rí i. Ó ti lọ lọ́wọ́ mi. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní ọjọ́ méje tó kù, mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ó wò mí bóyá mo ń dán an wò ni. Mo ní kó máa lọ lẹ́yìn Àìlà, pé bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mi, mi ò ní béèrè. Ẹnu mi korò bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ní àrọ́wọ́tó mi láti sọ fún un pé kó wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Títí di òní, àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì ń pè é ní Olè Ọjọ́ nínú ilé, mi ò sì lè gbà á sílẹ̀ láìtú u síta.

Ọjọ́ ìwéláwàní, àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ìyàwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n wé láwàní náà fún un, wọ́n gbé Àlùkùránì sí i lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó lọ́ra, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ka èkejì. Ó dúró.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Ó kún ẹnu mi. Bí mo bá sọ ọ́, kódà bí mo bá mí i síta lásán, yóò gbọ́, yóò gbà á, yóò máa lọ, gbogbo ayé yóò sì mọ̀. Ìyàwó ti di etí ìró rẹ̀ mú. Mo fi eyín di ahọ́n mi mú títí ó fi ta mí. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkọ mi padà, ó rí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó kà á, ó kà á dópin, wọ́n sì ń pariwo Allahu Akbar.

Ọjọ́ mi ni. Mo ti ṣáájú délé, mo ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé láàárín èrò, ó la àgbàlá kọjá, láwàní náà ṣì wà lórí rẹ̀, ó sì lọ tààrà síwájú ilẹ̀kùn ìyàwó. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òfin ṣe wí. Ìyàwó jáde, ó kúnlẹ̀, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ nǹkan fún un tí mi ò gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́, owú ń jẹ mí gan-an. Ibi tí obìnrin yẹn wà lọ́kàn ọkọ mi, èmi ni ó kọ́kọ́ fún. Mo fi ra ẹ̀rín ọjọ́ kan nínú kíṣìnnì.